Ó yẹ àdéhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó tó kí ẹ tú u ká?

Ìdúró táńkì omi kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Òmù-Àrán tí mi ò lè rí kí n má rántí ₦170,000. Iye tí màmá mi fi san ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lù ú ní jìbìtì. Òun fúnra rẹ̀ ló ti géètì mọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Màmá gbé iṣẹ́ bọ́ọ̀hóòlù fún ọkùnrin kan ní ₦900,000. Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé: gbígbẹ́ ilẹ̀, páìpù àti pọ́ǹpù jẹ́ ₦650,000, ìdúró táńkì àti táńkì fúnra rẹ̀ jẹ́ ₦250,000. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí oṣù Kejì tó tán. Màmá san ₦600,000 sílẹ̀. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa lápá Ìgbómìnà, ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ rí mọ̀ pé omi kì í tètè yọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rí omi, omi tó mọ́ gaara. Ìdí ìdúró táńkì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, irin tó kó wá tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí wọ́n jọ sọ lọ, táńkì ò sì tíì dé. Màmá di irin náà mú, ó mì í. Ó ń mì lóòótọ́.

"Ọjọ́ ti kọjá, irin tó o tún kó wá nìyí. Jáde nínú ọgbà mi."

"Ẹ má bínú, màámi. Ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún, màá pààrọ̀ irin, màá sì gbé táńkì wá."

"Mi ò fẹ́ mọ́. O ti yẹ àdéhùn, ó parí."

Ó ti géètì. Ó pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún gba ₦380,000 fún ìdúró àti táńkì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìwé kóòtù dé. Nígbà tí a fi máa jókòó yanjú ọ̀rọ̀ náà lójú àwọn àgbà àti lọ́yà ẹnì kejì, màmá tún san ₦90,000 fún ọkùnrin tó lé jáde: ₦50,000 tó kù lórí iṣẹ́ tó ti ṣe, ₦40,000 nítorí èrè tó pàdánù lórí èyí tí wọn ò jẹ́ kó ṣe. Ẹ ro ó pọ̀: ₦600,000, ₦380,000, ₦90,000. Ó di ₦1,070,000 fún iṣẹ́ ₦900,000.

Lọ́yà ni mí, Ìlọrin níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dùn mí títí dòní pé màmá ò pè mí kó tó ti géètì. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ pè ọ́ sí? Ṣebí òun ló kọ́kọ́ yẹhùn." Òótọ́ ni, ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ yẹhùn. Ohun tí màmá ò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ò mọ̀, ni pé ẹni tí wọ́n yẹ àdéhùn sí lè di ẹni tó jẹ̀bi bó bá fi ìkánjú tú àdéhùn ká.

Kò sí iṣẹ́ tàbí òwò tí nǹkan kì í yẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ á yẹ̀, àwọ̀ á yẹ̀, iye á dín. Bí gbogbo ìyẹhùn bá tó láti tú àdéhùn ká, kò ní sí àdéhùn kankan tó máa dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ fi máa ń bèèrè bóyá ìyẹhùn kan dé gbòǹgbò àdéhùn. Ẹ̀ka igi lè ya kí igi máa so lọ, àmọ́ bí wọ́n bá gé gbòǹgbò, kò sí igi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọ̀kan ní ìyẹhùn ẹ̀ka, kí n máa pe èkejì ní ìyẹhùn gbòǹgbò. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, material breach tàbí fundamental breach lẹ máa rí níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ti gbòǹgbò.

Bí ìyẹhùn bá mọ sí ẹ̀ka, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àdánù. Ẹ lè yọ ọ́ nínú owó tó kù, ẹ lè bèèrè fún un ní kóòtù, ṣùgbọ́n àdéhùn ṣì dúró, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ mú tiyín ṣẹ. Bí ó bá dé gbòǹgbò, ẹ lè gba owó àdánù, ẹ sì tún lè sọ pé àdéhùn ti tú, kí ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ibi tí ewu wà ni àárín méjèèjì. Bí ẹ bá mú ìyẹhùn ẹ̀ka, tí ẹ ṣe é bí ìyẹhùn gbòǹgbò, tí ẹ lé ẹni náà, ẹ̀yin gan-an lẹ gé gbòǹgbò, nítorí pé kíkọ̀ láti bá àdéhùn lọ láìní ẹ̀tọ́ sí i, ìyẹhùn gbòǹgbò ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá nìyẹn. Omi ti ń ṣàn. Èyí tó gbówó lé jù nínú iṣẹ́ náà ti parí, ó sì parí dáadáa. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi pẹ́, irin ṣeé pààrọ̀, ẹni náà sì ti lóun máa pààrọ̀ rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Òfin tí kóòtù wa ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀ wá. Òfin tó wà lóde níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900 ni ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ fún wa, àwọn adájọ́ Nàìjíríà sì ti ń kọ́lé lé e lórí látìgbà náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí mo bá ń mẹ́nu ba ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sídìí òfì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé èmi fúnra mi jù. Ìyá ìyàwó kan ní Ìlọrin gbé aṣọ òkè ọgbọ̀n fún ahunṣọ. Yìgì máa wáyé lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ gbọ́dọ̀ délé lọ́jọ́bọ̀, ahunṣọ sì mọ̀ pé ti ìgbéyàwó ni. Ká ní aṣọ dé lọ́jọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n okùn aláwọ̀ wúrà tó yẹ kó wà létí gèlè ò sí nínú mẹ́rin. Ìyá ìyàwó á bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ó lè yọ owó lórí mẹ́rin yẹn. Kò lè da ọgbọ̀n aṣọ padà fún un kó sì ní òun ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀ka nìyẹn.

Ká wá ní ọgbọ̀n aṣọ náà pé pérépéré, kò sí okùn kan tó yẹ̀, ó tilẹ̀ rẹwà ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àmọ́ ọjọ́ Ajé ló dé. Wọ́n ti so yìgì, àlejò ti jẹun, wọ́n ti ya fọ́tò, ìyàwó ti dé ilé ọkọ. Ahunṣọ gbé àpò sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń nu òógùn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Aṣọ yẹn kò wúlò mọ́ fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ hun ún. Gbòǹgbò nìyẹn, bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ dára tó.

Ẹ wo ohun kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba ló gbé ọgbọ̀n aṣọ kan náà fún ahunṣọ kan náà, tó fẹ́ kó o sí ṣọ́ọ̀bù kó máa tà á díẹ̀díẹ̀, tí aṣọ sì dé lọ́jọ́ Ajé dípò ọjọ́bọ̀, ẹ̀ka ni. Ọjọ́ mẹ́rin kan náà ni, aṣọ kan náà, èsì yàtọ̀ síra. Torí náà, kì í ṣe bí àṣìṣe ṣe tóbi tó lójú là ń wò. Ohun tí ẹ torí rẹ̀ gbówó sílẹ̀ là ń wò: ṣé ó ṣì lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ àbí kò lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ mọ́?

Ní 1876, ẹjọ́ olórin méjì ti la ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bettini gbà láti kọrin níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Àdéhùn ní kó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ orin, kó lè bá wọn ṣe ìdánrawò. Àìsàn dá a dúró, nígbà tó fi máa dé, ọjọ́ méjì péré ló kù kí orin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà á sí iṣẹ́ lé e. Kóòtù ní kò yẹ kó lé e, nítorí pé orin oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ pè é, ìdánrawò kàn ń ṣínà fún un ni. Èkejì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Poussard, ni wọ́n fún ní ipa pàtàkì nínú eré olórin tuntun kan. Òun náà ṣàìsàn, kò sì lè wá ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí eré náà àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Wọ́n wá ẹlòmíràn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n ní àwọn ò gbà á mọ́, kóòtù sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Àìsàn ló ṣe àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nínú wọn. Bí olórin dàdàkúàdà tí ẹ pè sí òde yín bá pẹ́ dé ìgbà tí wọ́n ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìbínú lásán ni. Bó bá dé nígbà tí wọ́n ti ń ká àga, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹjọ́ tó wá fìdí ìwọ̀n náà múlẹ̀ ni ti ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Hongkong Fir. Wọ́n yá a fún oṣù 24. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ò sì tó, ló bá ń dá dúró fún àtúnṣe títí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 fi ṣòfò. Àwọn tó yá a ní àwọn ò ṣe mọ́. Nínú ìdájọ́ tó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 1962, kóòtù gbà pé ọkọ̀ náà kò dára tó bí wọ́n ṣe ṣèlérí, síbẹ̀ ó ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú àdéhùn ká: wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, bí oṣù 17 sì ṣì kù tó lè fi ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìbéèrè tí adájọ́ Diplock bi níbẹ̀ ni àwa lọ́yà ṣì ń bi ara wa títí dòní: ǹjẹ́ ìyẹhùn yìí ti gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àǹfààní tó yẹ kí ẹnì kejì rí nínú àdéhùn náà? Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà "fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo". Ìwọ̀n yẹn ga. Ó ga ju bí ìbínú wa ṣe máa ń rò ó lọ.

Ọ̀rọ̀ tún máa ń díjú bí ọjà bá ń wá lẹ́sẹẹsẹ. Ká ní obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní Ọjà Ìpàtà bá ẹni tó ń din gaàrí ní Ọ̀fà ṣe àdéhùn àpò mẹ́wàá lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 20. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ geere. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó tú ẹnu àpò, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, gaàrí tutù, ó ti ń bu. Ó lè kọ àpò mẹ́wàá yẹn, kó má san kọ́bọ̀ lórí wọn. Ṣé ó lè kọ ọ̀sẹ̀ 13 tó kù? Irú ẹjọ́ yìí dé kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, lórí àkísà lílọ̀ tí wọ́n fi ń kún inú tìmùtìmù. Tọ́ọ̀nù 100 ni wọ́n rà, tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ló ń dé lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù kan ṣoṣo ló ní kẹ́míkà tó pọ̀ ju bí òfin ṣe fàyè gbà lọ. Kóòtù ní kí a wo nǹkan méjì: èló ni èyí tó bàjẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, àti ṣé ó jọ pé yóò tún ṣẹlẹ̀. Ẹrù kan nínú ọ̀pọ̀, tí kò sì jọ pé yóò tún wáyé, kò dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí gaàrí bá bu ní ọ̀sẹ̀ keje, tó tún bu ní ìkẹjọ àti ìkẹwàá, tí ẹni tó ń din ín sì ń sọ pé òjò ni, ìyá ọlọ́jà yẹn ò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ 20. Mo ti rí àwọn tó dúró. Àwọn oníbàárà tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn ò dúró tì wọ́n.

Kíkọ̀ gbangba ni ọ̀nà mìíràn tí ìyẹhùn fi ń dé gbòǹgbò, èyí ò sì nílò àlàyé púpọ̀. Bí ẹni tó fẹ́ yá yín ní kánópì àti àga bá pè yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òde pé òun ò ní lè wá, òun ti gba ti ẹlòmíràn, ẹ ò ní láti dúró de ọjọ́ òde kẹ́ ẹ tó wá ẹlòmíràn. Láti 1853 ni kóòtù ti fìdí ìyẹn múlẹ̀, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n gbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1852, tí wọ́n sì sọ fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Níbi tiwa, ìṣòro rẹ̀ ni pé a kì í sábà kọ̀ gbangba. "Nǹkan le díẹ̀ o." "Ẹ ṣì máa retí mi." "Insha Allahu, á ṣeé ṣe." Kò sí èyí tó jẹ́ kíkọ̀ nínú wọn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ kó tó di ọjọ́bọ̀ bóyá ẹ máa wá tàbí ẹ ò ní wá, kí n lè mọ ohun tí màá ṣe." Ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wúwo lójú adájọ́ ju ìdákẹ́jẹ́ lásán lọ.

Owó tó pẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà rò pé bí oníbàárà ò bá san lọ́jọ́ tó dá, òwò ti bàjẹ́. Òfin títa ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ tiwa, kò wí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ owó sísan kì í ṣe gbòǹgbò, àyàfi tí àdéhùn bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọjà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè dì í mú títí owó á fi dé. Bí ó bá jẹ́ ọjà tó ń bàjẹ́, bíi tòmátì, tàbí tí ẹ ti fi tó o létí pé ẹ fẹ́ tà á, tí kò sì sanwó láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, ẹ lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ò kàn lè yíjú padà kí ẹ tà á láìsọ nǹkan kan.

Ká wá ní ìyẹhùn ti dé gbòǹgbò lóòótọ́. Àdéhùn ò ní tú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa yan: ẹ lè tú u ká, ẹ sì lè ní kó máa lọ. Ẹ ò lè ṣe méjèèjì. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú gan-an nìyí. Ẹnì kan ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n sọ fún un pé ó máa gbé fíríìsà méjì, kò gbé ọ̀kan. Òfin 1893 yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni títa jẹnẹrétọ̀, ó sì gbára lé ìmọ̀ onítọ̀hún. Ìbá dá a padà lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó fi í tan iná àti fáànù fún oṣù mẹ́ta, ó tún pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kó tó wá ní òun fẹ́ gba owó òun. Ó ti gba ọjà náà wọlé. Owó àdánù nìkan ló kù tó lè bèèrè. Ẹ̀tọ́ dídá padà ti lọ. Ẹ yẹ ọjà wò kíákíá, bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀ ọ́, ẹ kọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ má sì lò ó.

Ẹ tún wo ọwọ́ tiyín náà. Bí ẹ bá jẹ birikìlà ní owó ìpele tí ẹ ṣèlérí, tó wá dúró, dídúró rẹ̀ lè má jẹ́ ìyẹhùn rárá.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun ká, ẹ kọ̀wé. Bí màmá bá ti kọ ìlà mẹ́rin sí ọkùnrin yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹ sọ ohun tó yẹ̀ gan-an, kì í ṣe "o ò ṣe dáadáa". Ẹ tọ́ka sí ibi tó wà nínú àdéhùn. Ẹ fún un ní iye ọjọ́ tó bọ́gbọ́n mu láti tún un ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tó fún irú nǹkan báyìí, torí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ẹ̀rí orí fóònù àti kọ̀ǹpútà bí a bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, ẹ má ṣáà pa á rẹ́. Ẹni tó kọ̀ láti tún nǹkan ṣe lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyẹhùn rẹ̀ sún mọ́ gbòǹgbò.

Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹ ti túmọ̀ gbòǹgbò sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Òfin gbà á láyè: bí àwọn méjì bá fẹnu kò pé nǹkan kan jẹ́ gbòǹgbò, adájọ́ kì í sábà bá wọn jiyàn. Nígbà tí màmá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó pè mí kó tó pe kápẹ́ńtà. Ohun tí a kọ nìyí:

"Èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ìyẹhùn tó dé gbòǹgbò, mo sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ nítorí rẹ̀: bí ó bá lo páànù tó fẹ́lẹ́ ju mílímítà 0.55 lọ láìgba àṣẹ mi. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 10 léraléra láìsí ìdí tó ṣe é sọ. Bí òjò bá ń wọlé tí kò sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ 7 tí mo bá fi tó o létí. Bí ó bá jẹ́ pé ó pẹ́ nìkan ni, tí kò sì ju ọjọ́ 14 lọ, ₦5,000 ni kí a yọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ sì máa lọ."

Kápẹ́ńtà kà á, ó ní ọjọ́ 7 kéré bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, a sọ ọ́ di 10. Ìyẹn gan-an lànfààní rẹ̀. Òun náà mọ ibi tí ààlà wà. Ìwé náà kò sọ pé "bí iṣẹ́ ò bá dára", nítorí dáadáa tèmi yàtọ̀ sí dáadáa tìrẹ. Ó sọ iye, ó sọ ọjọ́, ó fàyè sílẹ̀ fún àtúnṣe, ó sì ya ohun tí owó lè wẹ̀ kúrò lára ohun tí owó ò lè wẹ̀.

Nípa ₦5,000 yẹn: ẹ má kọ iye tó máa ń dẹ́rù bani. Màmá ń san owó fún yàrá tó ń sùn sí nígbà tí òrùlé wà ní ṣíṣí, ìdí nìyẹn tí a fi dé orí iye náà. Ká ní a kọ ₦100,000 lóòjọ́ sórí iṣẹ́ ₦800,000, kóòtù á kà á sí ìfìyàjẹni, kò sì ní gbà á. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tí ilé iṣẹ́ ńlá bá gbé fún yín tó ní "ìyẹhùn èyíkéyìí" tó láti gba ohun ìní yín. Gbólóhùn yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀ka di gbòǹgbò, sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi àyè àtúnṣe sí i. Wọ́n máa ń gbà ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí ẹ bá sọ ọ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ní ti owó àdánù, ẹjọ́ ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ọkà ní Gloucester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1854 ló ṣì ń darí wa. Ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ̀ ṣẹ́, ó gbé e fún àwọn akẹ́rù, wọ́n fi falẹ̀, iṣẹ́ sì dúró. Kò rí owó èrè tó sọnù gbà, nítorí pé àwọn akẹ́rù ò mọ̀ pé kò ní ọ̀pá mìíràn. Ẹ sọ ohun tó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yín fún oníṣẹ́: "Yìgì ni lọ́jọ́ Sátidé." Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀. Bí àdánù bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó kí ẹ máa kà á; ẹ gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dín in kù, torí kóòtù kò ní pàṣẹ pé kí wọ́n san èyí tí ẹ lè yẹra fún.

Wọ́n á bi mí pé àdéhùn ẹnu lásán ńkọ́? Òun náà jẹ́ àdéhùn, kóòtù á sì gbọ́ ọ, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí òfin ti fẹ́ kí ìwé wà. Ìṣòro rẹ̀ ni ẹ̀rí: bí ẹ ò bá lè fi hàn pé ọjọ́bọ̀ lẹ dá, báwo lẹ ṣe máa fi hàn pé ọjọ́ Ajé ti pẹ́ jù? Àwọn àlfá wa máa ń ka ẹsẹ 282 nínú Suratul Baqara, tó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Bí ẹ ò bá rí ìwé kọ, ẹ pe ẹnì kan jókòó tì yín, tàbí kí ẹ fi ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹnì kejì ní alẹ́ ọjọ́ náà, kó sì fèsì.

Bí ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, tàbí ẹ ń lọ síwájú àwọn àgbà, tàbí kóòtù Májísíréètì, ẹ kó ìwé àdéhùn dání, àti rìsíìtì tàbí àlàyé báǹkì tó fi owó tí ẹ san hàn, àwòrán ohun tó bàjẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ lórí fóònù. Kí géètì ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.